Ọ̀já Búlúù Tí Mo Tú

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Èmi ni. Kì í ṣe Ọmọ́ṣaléwá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá ọ̀nà láti kọ gbólóhùn yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn Wilhelmsburg. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e kiri nínú báàgì oúnjẹ mi bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ilé kò wó.

Ẹ̀kọ́ girama ni mo dúró sí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń to irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n n óò to ó.

Oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà rèé. Ó wà lẹ́yìn Wilhelmsburg, níbi tí ilé alájà ti tán tí pápá bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ebè gíga tí wọ́n fi dá omi odò Elbe dúró. Màlúù ọgọ́rin. Mo ń fún wàrà, mo ń kó ìgbẹ́, mo ń bọ́ àwọn ọmọ màlúù, mo ń tún wáyà pápá ṣe. Anna ló ni oko. Ọmọ́ṣaléwá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ — Ausbildung — èmi sì ni mo mú un wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Berlin. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ti gba dìgírì nílé kó tó wá. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́. Bí ọ̀kan bá já, èkejì já.

Ọ̀já ike oríṣi méjì ló kọ́ lára ògiri wa, ẹsẹ̀ màlúù ni a ń so wọ́n mọ́. Búlúù fún màlúù tí ẹsẹ̀ ń dùn. Pupa fún èyí tí a fún lóògùn. Wàrà màlúù tó so pupa kò gbọdọ̀ wọ táǹkì rárá, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, a ó sì dà á nù.

Èmi kì í fọwọ́ kan pupa. Aláṣọ funfun ni mí, a kì í wọ̀ ọ́ nínú ìjọ wa. Pé kí n má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, àfikún tèmi nìyẹn, kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Tó bá kan pupa, màá ké sí Ọmọ́ṣaléwá pé kó bá mi so ó. Á máa rẹ́rìn-ín: “Bọ̀ọ̀dá, àwọn màlúù yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ohun tó wù wọ́n.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù yìí. Ìyá Ìbejì — orúkọ tí mo fún màlúù 417 nìyẹn, ó bí méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan — ọmú rẹ̀ wú. Èmi nìkan ló wà lóko. Mo ti oògùn sí i lọ́mú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ta òróró sí mi lórí, kí n di Alàgbà. Ọjọ́ méje ni mo ti fi ya ara mi sọ́tọ̀. Mo wo ọ̀já pupa níbi tó kọ́ sí. Mo mú búlúù, mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ní n óò tẹ Ọmọ́ṣaléwá láago kó tó fún wàrà láàárọ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀.

N kò tẹ̀ ẹ́. Mo gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni, mo gbàgbé.

Ó tó. Ọwọ́ ń ro mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Igbe

Èyí tí mo kọ lánàá, àṣìṣe ni. Èèyàn lè ṣe àṣìṣe. Èyí tó kù kì í ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ Àìkú yẹn wọ́n ta òróró sí mi lórí, wọ́n yà mí ní fọ́tò, Ọmọlará ìyàwó mi ń sunkún ayọ̀. Lọ́sàn-án mo bọ́ sùtánà, mo lọ sóko. Ọmọ́ṣaléwá ti fún wàrà tán láàárọ̀, ó ti lọ sinmi. Ọkọ̀ tó ń gbé wàrà ti wá, ó ti lọ. Ìyá Ìbejì dúró, ó ń jẹ àpọ̀jẹ — búlúù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo lè pe Anna. Bóyá wọn kò tíì da wàrà wa pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíì. Fóònù wà lọ́wọ́ mi.

Mo tú búlúù. Mo lọ síbi ògiri, mo mú pupa, mo so ó. Mo ṣí ìwé oògùn, mo kọ ọjọ́ Àbámẹ́ta síbẹ̀, mo kọ 417, mo fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ tí kò fẹ́ kan pupa nítorí Ọlọ́run, irọ́ ló kàn án fún. Òróró kò tíì gbẹ lórí mi.

Ọjọ́ Ajé ni àyẹ̀wò jáde. Oògùn wà nínú wàrà. Gbogbo ẹrù ọkọ̀ yẹn, tiwa àti ti oko mẹ́rin míì, wọ́n dà á nù. Anna lọ wo màlúù, ó bá pupa. Ó wo ìwé, ó bá orúkọ mi. Ó pe àwa méjèèjì sí kíṣìnnì rẹ̀.

Ó bi Ọmọ́ṣaléwá pé kí ló dé tó fi fún màlúù pupa sínú táǹkì. Ọmọ́ṣaléwá wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó wá sorí kọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Anna ní, wò mí lójú. Kò lè wò ó. Anna tún un sọ. Ọmọ́ṣaléwá ní “sorry.” Kò sọ ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn tó jáde, Anna sọ fún mi pé òun lè fara mọ́ àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè wo òun lójú, òun kò lè fi ẹran òun sí i lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa ló mọ̀ ọ́n. Níbi tí àgbà rẹ dúró sí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀, o kì í gbójú sókè. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti fi ṣàlàyé rẹ̀ fún Anna ní Jámánì. Mo gbọ́ Jámánì tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní: “Ja.” Bẹ́ẹ̀ ni.

Probezeit rẹ̀, àkókò ìdánwò níbi iṣẹ́, kò tíì pé. Wọn kò nílò ìdí púpọ̀ láti lé e. Ní 21 oṣù Ẹrẹ́nà, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hellersdorf, ní Berlin. Èmi ni mo bá a gbé àpótí dé ibùdó.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Igbe

Mo fún wàrà láàárọ̀. Mo fún wàrà nírọ̀lẹ́. Màlúù nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Igbe

Màlúù kan bí láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èmi àti Anna fi okùn fà á. Ó bọ́ sílẹ̀ gbì, kò mí. Mo fi koríko ta á nímú, mo da omi tútù sí i lórí, ó sín. Anna jókòó sínú koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ kan kúrò nínú èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Ó ní kí n máa mú un lọ́wọ́ láti òní. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún òun, èmi nìkan ni òun lè fi ẹ̀yìn tì.

Mo dúpẹ́. Mo gbà á. Ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń gún mi nítan.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Igbe

Ní ìjọ. “Alàgbà! Alàgbà!” láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Akọrin, tí kì í sinmi àpárá, ní: “Alàgbà wa, àwọn màlúù yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń kọ orin ìyìn? Ẹ kó wọn wá o, alto ò tó.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, irú àwàdà yẹn máa ń dùn mí dé egungun — pé mo rékọjá òkun wá da màlúù. Lónìí ó dà bí ẹ̀bùn. Ohun tó tọ́ sí mi kò tó ìyẹn.

Wọ́n ní kí n gba àdúrà fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ má gbàgbé Sister Ọmọ́ṣaléwá!”

Mo gbé ohùn sókè. Mo ní Olúwa, fún ọmọbìnrin rẹ ní ọkàn ìfarabalẹ̀. Mú ìwà àìbìkítà kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n ṣe àmín. Ẹni tó ń fi fóònù gba àwòrán wà níwájú mi gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Igbe

Ìbílọlá tẹ̀ mí láago, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́ṣaléwá. Ó ní títí ìparí oṣù yìí ni wọ́n fún àbúrò òun láti rí oko míì tí yóò gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé ìgbélùú tán. Oko méjì ti kọ̀. Ó ní ọmọ náà kò jẹun dáadáa, kò sì sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá bá wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló bọ̀wọ̀ fún.”

Mo ní n óò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

N óò sọ ọ́ níbẹ̀. Lójúkojú. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Igbe

Mo ń bi ara mi, kí ni mò ń bẹ̀rù gan-an? Anna lè lé mi. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n oko pọ̀ láàárín ibí àti Denmark, n óò ríṣẹ́. Kì í ṣe ìyẹn.

Oyè ni. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ní Jámánì, kò sí ẹni tó pè mí ní nǹkan kan. “Du, komm mal.” Ìwọ, wá ná. Nílé, àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti di ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀kan ti di adájọ́. Èmi ń fọ ọmú màlúù. Òwúrọ̀ Àìkú kan ṣoṣo ni mo fi di ẹni tí wọ́n ń dìde fún. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò rántí pé mo ba nǹkan jẹ́.

Mo kà á padà. Kò tilẹ̀ tó ìdí. Kò tó rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Igbe

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ti òní. Nínú bọ́ọ̀sì láti Berlin ni mo ti ń kọ ọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sùn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin U5 lọ sí Hellersdorf. Ilé alájà mọ́kànlá, wọ́n wà ní ìkẹjọ, ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́. Ọmọ́ṣaléwá ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán sà. Ẹ kú ìrìn sà.” Ó ti rù. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé omi wá, ó gbé ìrẹsì wá pẹ̀lú ẹran adìẹ, ó bu omi kí n fi fọwọ́. Ó jókòó sórí àga kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ mọ́ra.

Mo ní n óò jẹun tán kí n tó sọ ọ́. Èèyàn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

Ìbílọlá kò dúró kí n jẹun tán. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti di ohùn ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bi í. Ṣé afọ́jú ni? Pupa! Pupa, kì í ṣe àwọ̀ tó fara pamọ́! Ọmọ tó ka ìwé gboyè, màlúù lásán ló fẹ́ tì í padà sílé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màámi? Ẹ bá a wí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ti bá a wí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ̀yin lẹ mú un wọ iṣẹ́.”

Àwọn méjèèjì ń wò mí — rárá, Ìbílọlá ń wò mí. Èkejì ń wo ilẹ̀.

Mo gbé egungun adìẹ sílẹ̀. Mo nu ọwọ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

Mo bá a wí.

Mo ní, “Ọmọ́ṣaléwá, iṣẹ́ òyìnbó kò fẹ́ ìwàǹwára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Níbi tó o bá tún lọ, la ojú ẹ dáadáa.” Ohùn mi wúwo, ó dára, ohùn àgbà. Ìbílọlá ń mi orí: “Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ.” Mo tilẹ̀ ń fi ìka han ọmọ yẹn.

Ọmọ́ṣaléwá sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun sà. Mo ti gbọ́ sà.”

Mo jẹ ìrẹsì tó kù.

Ó sìn mí dé ibùdó. A kọjá ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gun kẹ̀kẹ́. Nígbà náà ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀:

“Bọ̀ọ̀dá, búlúù ni mo rí.”

Mo ń rìn lọ. Ó tún ní:

“Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo pátákò rẹ̀, bóyá ó ń dùn ún. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá ó ti ń san. Ní kíṣìnnì Anna, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Mo ní Bọ̀ọ̀dá á sọ̀rọ̀ báyìí. Báyìí ni. Mi ò lè fẹnu ara mi dárúkọ yín níwájú òyìnbó.”

Mo ní, “Ọmọ́ṣaléwá—”

“Wọ́n rò pé ojú ń tì mí. Kì í ṣe tèmi ló ń tì mí lójú, Bọ̀ọ̀dá. Tiyín ni.”

Ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bẹ̀ mí: kí n má gbàdúrà fún òun mọ́ ní ìjọ. Wọ́n ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí òun. Ẹni mẹ́ta ló fi í ránṣẹ́.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ọmọ yẹn tún kúnlẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú gbogbo òyìnbó. “Ẹ délé re sà.”

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Igbe. Àìkú Ọ̀pẹ

Mo sọ fún Ọmọlará. Ó ń lọ sùtánà mi, a kò tíì jáde nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀já.

Ó kọ́kọ́ ní, “Ta ló tún mọ̀?” Mo ní Ọmọ́ṣaléwá nìkan. Ó ń lọ aṣọ lọ. Mo wá débi ti àná.

“Ẹ bá a wí?”

“Mo bá a wí.”

“Nínú ilé wọn. Lórí oúnjẹ wọn.” Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Dádì Tijésù, ẹ sì jẹ oúnjẹ náà tán?”

Mo ní mo jẹ ẹ́ tán.

Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù. Apá kan sùtánà ti gún, apá kejì rún wómúwómú bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mi ò ní sọ pé ẹ lọ sọ ọ́. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má sọ ọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí mò ń lọ aṣọ fún.”

A kò lọ sí ìjọ. Tijésùnimí ọmọ wa yọ orí láti yàrá rẹ̀, ó ń fi Jámánì bèèrè bóyá a kò ní lọ lónìí: “Gehen wir heute nicht?” Ìyá rẹ̀ ní kó padà lọ sùn.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Igbe

Ọmọlará di oúnjẹ fún mi. Mo débẹ̀, mo ṣí i. Ìrẹsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Igbe

Anna bá mi níbi àwọn ọmọ màlúù lọ́sàn-án. Ó fara ti géètì, ó ń jẹ káròótì. Ó ní ọkùnrin kan pe òun láti Brandenburg, ó ní oko màlúù, ó fẹ́ gba Ọmọ́ṣaléwá kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wù ú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ìdí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Anna kò dá a lóhùn. Ó ní kó tún pe òun lọ́la, agogo mẹ́wàá.

Ó ní inú òun kò dùn láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ọmọ yẹn kì í pẹ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára ẹran, ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Kí ni kí n sọ fún un? Ohun tó o bá sọ ni màá sọ.”

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú mi gbayawu. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Mo ní: “Jẹ́ kí n rò ó.”

Kí ni mo fẹ́ rò? Mo wọ S-Bahn, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún wọ ọ́ padà, mo tún sọ̀kalẹ̀. Mo rìn lórí ebè odò títí ẹsẹ̀ fi dùn mí. Kò sí nǹkan kan tí mo lè rò tí n kò tíì rò. Mo ti gbàdúrà náà. Àdúrà kò ní nǹkan tuntun bá mi sọ.

Mo wá jókòó ti Ọmọlará ní kíṣìnnì, mo sọ fún un ohun tí n óò ṣe. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má baà yí i padà nínú ọkọ̀.” Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí.

Lọ́la, Ọjọ́rú. Agogo márùn-ún n óò wà lóko, n óò fún wàrà, torí ọmú màlúù kò ní dúró de ọ̀rọ̀ tèmi. Agogo mẹ́jọ, Anna yóò wá mu kọfí. N óò gbé kọ́kọ́rọ́ oògùn ka orí tábìlì. N óò sọ pé èmi ni mo so búlúù, èmi ni mo tú u, èmi ni mo kọ irọ́ sínú ìwé, àti pé ọmọ yẹn kò ṣẹ̀. N óò ní kó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin Brandenburg bá pè, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún òun náà.

Lẹ́yìn náà n óò pe Hellersdorf. Ìbílọlá ni n óò pè, kì í ṣe Ọmọ́ṣaléwá, torí ìṣojú Ìbílọlá ni mo ti bá a wí. N óò ní kó fi fóònù sí ohùn gbangba, kó pe àbúrò rẹ̀ sí yàrá. N óò sì bẹ Ọmọ́ṣaléwá kó má kúnlẹ̀.